Ọ̀nà Abẹ́ Ilẹ̀ Enugu: Ìtàn Tó Kan Àwa Náà

  Ìbéèrè kékeré kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀: kí ni èédú?

Bí mo bá bi ọmọ kíláàsì wa, ohun tí yóò sọ ni pé èédú ni ohun dúdú tó máa ń kù lẹ́yìn tí iná bá ti jẹ igi, èyí tí àwọn ìyá tó ń sun àgbàdo lẹ́bàá títì fi ń dáná, tí alágbẹ̀dẹ ń fi ẹwìrì fẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èédú mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kò sun igi kí wọ́n tó rí i. Inú ilẹ̀ ló wà. Igi àti ewé tó hù kí ènìyàn tó dé ayé ni. Omi bò ó, ẹrẹ̀ bò ó, iyanrìn bò ó, ilẹ̀ sì tẹ̀ ẹ́ títí ó fi di òkúta dúdú tó ń jó bí igi. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ sọ pé eléyìí tó wà ní Enugu ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí 70 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Àwọn kan ń pè é ní èédú ilẹ̀. Àwọn bàbá wa tó ṣiṣẹ́ rélùwéè ń pè é ní kóòlù. Kóòlù náà ni èmi yóò máa pè é níbí, kí ó má baà dàrú mọ́ ti alágbàdo.

Ẹ lè ní, kí ló kan ọmọ Ìyànà Ọ̀fà nínú kóòlù Enugu? Ó dáa. Ìyànà Ọ̀fà ni ilé mi, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú wà. Ohun tí a ní níbẹ̀ ni kòkó, gbágùúdá, ọ̀pẹ àti ọ̀nà tó lọ sí Ìwó. Kò sí kóòlù nínú ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n Lálúpọn kò jìnnà sí wa, rélùwéè sì gba Lálúpọn kọjá. Ọdún 1896 ni òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í to irin yẹn láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901. Ó kọjá ní ìhà ọ̀dọ̀ wa lọ sí Ìwó, ó sì dé Òṣogbo ní 1907. Ní 1909 ó ti dé Jẹ́bà, létí odò Ọya. Nígbà tó fi máa di 1912, ènìyàn lè wọkọ̀ ojú irin láti Èkó kó sì sọ̀ kalẹ̀ ní Kano.

Màmá àgbà mi kiri ẹ̀kọ ní ibùdókọ̀ Lálúpọn nígbà tí wọ́n wà ní ọmọge. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé bí ọkọ̀ bá ti fọn fèrè, ẹni tó bá sá aṣọ funfun sórí okùn yóò sáré lọ ká a, nítorí eérú dúdú tó ń fò jáde láti orí ẹ́ńjìnnì. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé, "Màmá, níbo ni wọ́n ti ń rí kóòlù tí wọ́n ń kó sínú ọkọ̀ yẹn?" Wọ́n ní, "Òyìnbó ló ń kó o wá."

Ìdáhùn yìí ló mú mi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Nígbà tí rélùwéè kọ́kọ́ dé, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Láti Ìlú Ọba ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú omi kó kóòlù wá sí Èkó, torí ẹ́ńjìnnì ò lè rìn láìjẹun. Ṣùgbọ́n Màmá àgbà mi kò tíì dáyé nígbà yẹn. Nígbà tí wọ́n fi ń kiri ẹ̀kọ, kì í ṣe òyìnbó ló ń wa kóòlù tó ń ba aṣọ àwọn ará Lálúpọn jẹ́. Ọmọ Nàìjíríà ni, abẹ́ òkè kan ni wọ́n sì ti ń wà á.

Ní ọdún 1909, òyìnbó onímọ̀ ilẹ̀ kan tó ń jẹ́ Albert Kitson ni olórí àwọn tí ìjọba rán láti wo ohun tó wà nínú ilẹ̀ ìhà gúúsù. Fàdákà ni wọ́n ń wá kiri. Nítòsí Udi, lábẹ́ ìlú Ngwo, kóòlù ni wọ́n rí. Fàdákà kì í wa rélùwéè, kóòlù ló ń wà á, nítorí náà ohun tí wọ́n rí wúlò fún wọn ju ohun tí wọ́n wá lọ. Lugard wá èbúté tí wọ́n lè gbà kó o jáde, ibẹ̀ ni Port Harcourt ti bẹ̀rẹ̀ ní 1913. Wọ́n fi orúkọ Lewis Harcourt sọ ọ́, ẹni tó jẹ́ mínísítà fún àwọn ilẹ̀ amúnisìn ní Ìlú Ọba nígbà náà. Wọ́n ṣí ibi ìwakùsà àkọ́kọ́ ní 1915. Ní 1916 irin so ó pọ̀ mọ́ Port Harcourt. Ní 1917 wọ́n ṣí èyí tó wà ní àfonífojì Iva. Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́, kóòlù Ìlú Ọba ti wọ́n, ọkọ̀ tí yóò gbé e wá pàápàá ti ṣọ̀wọ́n. Láti ìgbà náà, kóòlù á ti Enugu gba ojú irin dé Port Harcourt, á sì ti Port Harcourt gba ojú omi dé Èkó. Òun ló ń gbé ọkọ̀ tiwa lọ, tó ń tan iná mànàmáná ní Ìjọra ní Èkó, wọ́n sì ń tà nínú rẹ̀ fún rélùwéè Gold Coast, ìyẹn Ghana òní.

Orúkọ ìlú náà fúnra rẹ̀ yóò dùn mọ́ ẹni tó bá ń kọ́ èdè. Énú ni orí, ùgwú ni òkè, nítorí náà "orí òkè" ni Enugu túmọ̀ sí. Orúkọ àwọn tó ń gbé orí òkè Ngwo ni. Ìlú tí kóòlù bí, ìsàlẹ̀ òkè ló wà, síbẹ̀ orúkọ orí òkè ló ń jẹ́. Èmi rò pé ó bá a mu. Òkè ni gbogbo ìgbésí ayé ìlú náà dá lé, inú òkè sì ni wọ́n ń wọ̀ lọ́ràárọ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́? Ohun tó wà lọ́kàn mi tẹ́lẹ̀ ni kànga: pé wọ́n gbẹ́ ihò jíjìn sísàlẹ̀, wọ́n wá ń fi okùn sọ ènìyàn kalẹ̀. Ní àwọn ilẹ̀ òyìnbó kan, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ti Enugu kò rí bẹ́ẹ̀. Kóòlù ibẹ̀ tẹ́ sínú òkè bí ẹní, etí ẹní náà sì yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ òkè. Nítorí náà wọ́n kàn gbẹ́ ilẹ̀kùn sí ara òkè ni, wọ́n sì ń bá kóòlù lọ síwájú gbọọrọ.

Ní àkókò ìsinmi kan, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ wà ní họ́ọ̀lù, ọmọ Ngwo, mú mi dé ilé wọn. Bàbá àgbàlagbà kan nínú ẹbí wọn tó ti ṣiṣẹ́ nínú ibẹ̀ rí mú wa lọ wo ẹnu ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí wọ́n ti pa tì. Èdè Pijin la fi ń sọ̀rọ̀, Pápá ni mo sì ń pè wọ́n gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ mi ṣe ń pè wọ́n. Igbó ti bo ọ̀nà ibẹ̀. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi tẹ́ ẹnu ọ̀nà náà bí àgádá ṣì wà, ṣùgbọ́n gbòǹgbò igi ti la inú rẹ̀. Omi tín-ín-rín kan ń ṣàn jáde láti inú òkùnkùn, pupa ni bí epo tó ti dì. Mo ti gbé tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, mo ti ṣe tán láti wọlé. Pápá na ọ̀pá wọn dábùú ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn bá dé ni àwa náà yóò dé, a ò gbọdọ̀ fi ìṣísẹ̀ kan kọjá rẹ̀. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ burúkú máa ń jókòó sínú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ẹni tó bá fà á símú á kàn jókòó bí ẹni tó rẹ̀, kò sì ní dìde mọ́. A dúró síbi tí ìmọ́lẹ̀ dé. Atẹ́gùn tútù ń fẹ́ láti inú lọ́hùn-ún sí wa lójú.

Ibẹ̀ ni Pápá ti ṣàlàyé inú ọ̀nà náà fún wa. Ẹ fojú inú wo ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ tó tóbi tó ìlú kan. Pásééjì ńlá kan wà láàárín, irin wà nílẹ̀ rẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ ẹrù ń gbà. Láti ara pásééjì yìí ni àwọn mìíràn ti ya sápá ọ̀tún àti sápá òsì, àwọn wọ̀nyí náà tún ní ẹ̀ka. Bí wọ́n bá ti gé kóòlù síwájú díẹ̀, wọ́n á fi òpó kóòlù kan sílẹ̀ láìgé, kí ó lè gbé òkè dúró lórí wọn. Ihò, òpó, ihò, òpó, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ tiwọn kò ju kí wọ́n máa fi ìtì igi ti àjà. Àwọn kan ń gé kóòlù, àwọn ọ̀dọ́ sì ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù jáde. Ibi púpọ̀ wà tí àjà kò ga tó ènìyàn, ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, àwọn mìíràn fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ gé e. Bí kóòlù apá kan bá ti tán, wọ́n á padà sẹ́yìn, wọ́n á máa gé àwọn òpó tí wọ́n fi sílẹ̀ pàápàá, òkè á sì máa wó tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Pápá ní igi máa ń ké kí àjà tó wó. Ẹni tó bá mọ etí í fi gbọ́ igi ló ń dàgbà nídìí iṣẹ́ yẹn.

Ta ni àwọn tó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀? Ẹ má ṣe rò pé gbogbo wọn ló fínnúfíndọ̀ wá. Àgbẹ̀ ni àwọn ènìyàn Ngwo, Eke, Abor àti Udi, wọ́n ní oko wọn. Òyìnbó wá fi àwọn kan joyè wọ́ràǹtì, ó sì pàṣẹ fún wọn kí wọ́n máa kó ọkùnrin wá. Èyí tó lókìkí jù nínú àwọn olóyè náà ni Onyeama ti ìlú Eke. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ̀kan nínú àwọn ibi ìwakùsà náà títí dòní. Wọ́n kó ẹlẹ́wọ̀n pàápàá wọ inú òkè. Nígbà tó yá ni owó orí àti owó oṣù wá ń fa ènìyàn síbẹ̀ láìfipá. Àgbẹ̀ di òṣìṣẹ́, ọmọ òṣìṣẹ́ lọ sílé ìwé, owó kóòlù kọ́ ilé, ó fẹ́ ìyàwó. Ó yẹ ká sọ ìyẹn náà, torí kì í ṣe ẹkún nìkan ni Pápá sun fún wa. Wọ́n fi iṣẹ́ wọn yangàn gan-an ni. Wọ́n ní òyìnbó ń pe àgbàlagbà ní ọmọdé nínú ibẹ̀, ṣùgbọ́n bí òkùnkùn bá ti ṣú, ẹni tó mọ ọ̀nà ni ọ̀gá.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwọn awakùsà kò dákẹ́. Ní 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba káàkiri Nàìjíríà yanṣẹ́ lódì, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tí Michael Imoudu jẹ́ olórí wọn sì wà níwájú. Ọjà ti wọ́n nítorí ogun, owó oṣù kò kúrò lójú kan. Ní Enugu, Okwudili Ojiyi ni akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ àwọn awakùsà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, wọ́n ń béèrè owó kan tí wọ́n gbà pé ìjọba jẹ wọ́n. Wọn kò fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ ṣe é. Àwọn kan jókòó sínú ihò, kí ọ̀gá má baà ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn síta. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn kan lẹ́nu iṣẹ́.

Nǹkan mìíràn wà nínú ibẹ̀ tó ń ba ìjọba lẹ́rù: ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta. Wọ́n ní bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ Zikist tó ń pariwo òmìnira ńkọ́? Nítorí náà wọ́n rán ọlọ́pàá lọ kó o kúrò. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, ọ̀gá ọlọ́pàá kan, F. S. Philip, kó àwọn ọlọ́pàá tó gbébọn dé àfonífojì Iva. Àwọn awakùsà pé jọ, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó, àwọn kan so aṣọ pupa mọ́ra láti fi hàn pé ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n. Kò sí ìbọn lọ́wọ́ wọn. Philip ní òun rò pé wọ́n fẹ́ kọlu àwọn ni. Ó pàṣẹ kí wọ́n yìnbọn. Awakùsà 21 ló kú, 51 fara gbọgbẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Ènìyàn 21. Àwọn tó ń gbọ́ igi kó tó ké, tí òkè kò wó pa, ìta gbangba ni wọ́n kú sí lójú ọ̀sán.

Ohun tí mo rí lẹ́yìn ìyẹn ló yà mí lẹ́nu jù, torí ibẹ̀ ni ìtàn yìí ti yà wọ ilé tiwa. Ìgboro Aba, Port Harcourt àti Onitsha dàrú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Ní Èkó, àwọn olóṣèlú tí wọ́n ti ń bá ara wọn jà láti 1941, àwọn ti ẹgbẹ́ NCNC àti àwọn ti Nigerian Youth Movement, jókòó pọ̀ sínú ìgbìmọ̀ kan nítorí òkú Enugu. Dókítà Akinọlá Màjà, ọmọ Yorùbá, ni wọ́n fi ṣe alága. Ìgbìmọ̀ náà tú ká ní 1950, ìjà àtijọ́ sì tún padà, ṣùgbọ́n fún ìwọ̀nba oṣù díẹ̀ òkú ọmọ Ìgbò kì í ṣe òkú ẹlòmíràn.

Ìjọba náà gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀. Sir William Fitzgerald ni alága rẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, òun ni Adájọ́ Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, ọmọ Aláké Ẹ̀gbá, ẹni tó padà di adájọ́ àgbà fún gbogbo Nàìjíríà ní 1958. Ní 1950 wọ́n tẹ ìròyìn wọn jáde. Wọ́n sọ pé Philip ṣi ọ̀rọ̀ náà gbé, wọ́n sì bu ẹnu àtẹ́ lu bí ìjọba ṣe ń bá òṣìṣẹ́ lò. Ibẹ̀ ló parí sí. Kò sí ẹni tó tìtorí òkú 21 lọ sẹ́wọ̀n.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ kí àwa tí a ń kọ́ Yorùbá dúró wò dáadáa ni Hubert Ògúnńdé. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Àwa tí a kò bá eré orí ìtàgé rẹ̀ láyé wo Àyànmọ́ nínú fíìmù. Ọmọ Òṣòṣà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde ni. Ọlọ́pàá ni kó tó di òṣèré. Ẹ rántí ìyẹn: ọlọ́pàá. Lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì 1945, ó gbé eré kan jáde tó pè ní Strike and Hunger. Ní 1950, nígbà tí ọgbẹ́ àfonífojì Iva kò tíì jinná, ó tún gbé òmíràn jáde, Bread and Bullet, ìyẹn búrẹ́dì àti ọta ìbọn. Ọ̀rọ̀ àwọn awakùsà Enugu ló fi ṣe. Ẹni tó ti wọ aṣọ ọlọ́pàá rí ló fi ìbọn ọlọ́pàá hàn lórí ìtàgé, níwájú àwọn tó sanwó láti wá wòran. Nígbà tó gbé e dé Kano, ìjọba fòfin dè é.

Ẹ gbọ́ mi yé o. A máa ń jókòó sí kíláàsì, a ó máa sọ pé eré orí ìtàgé Yorùbá bẹ̀rẹ̀ láti inú egúngún aláré àti ṣọ́ọ̀ṣì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ wa gba abẹ́ òkè Ngwo kọjá. Èmi kò gbọ́ ọ rí nínú kíláàsì. Mo bi àwọn ẹgbẹ́ mi mẹ́sàn-án. Gbogbo wọn mọ Ògúnńdé, gbogbo wọn gbọ́ pé kóòlù wà ní Enugu, wọ́n kọ ìyẹn nínú ìdánwò ní pírámárì. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó gbọ́ nípa àwọn 21. Ọ̀kan ní, "Ṣé ìyẹn kì í ṣe ìtàn àwọn Ìgbò ni?" Mi ò bínú sí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa: kòkó ìwọ̀-oòrùn, ẹ̀pà àríwá, kóòlù ìlà-oòrùn, bí ẹni pé inú àpótí mẹ́ta ni Nàìjíríà wà, tí ọ̀kan kò sì rí inú èkejì. Ta ló gbé kòkó Lágelú dé etíkun? Rélùwéè ni. Kí ni rélùwéè ń jẹ? Kóòlù ni. Ta ló gé e? Ẹ ti mọ̀ báyìí.

Báwo ni àwọn ọ̀nà náà ṣe di àpatì? Kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá iléeṣẹ́ kóòlù ìjọba, Nigerian Coal Corporation, sílẹ̀ ní 1950. Ìparí ọdún 1950 sí 1959 ni iṣẹ́ náà pọ̀ jù lọ. Ṣùgbọ́n ní 1956 wọ́n ti rí epo ní Oloibiri, rélùwéè sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ dísù dípò kóòlù. Ogun abẹ́lé dé láàárín 1967 sí 1970. Iṣẹ́ dúró, ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde dúró, omi sì gba àwọn pásééjì náà. Lẹ́yìn ogun wọ́n tún un gbìyànjú ní Onyeama àti Okpara, kò tún rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Iná mànàmáná láti Kainji àti gáàsì ti gba iṣẹ́ rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n dá òṣìṣẹ́ dúró, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n kúrò níbẹ̀, tí ilé iṣẹ́ fi kógbá sílé.

Omi pupa tí mo rí lẹ́nu ọ̀nà yẹn, mo ti wá mọ ohun tó ń sọ ọ́ di pupa. Nínú kóòlù àti òkúta tó yí i ká, irin àti imí ọjọ́ wà pọ̀. Bí wọ́n ṣe wà nínú ilẹ̀ láìrí afẹ́fẹ́, wọn kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ti gbẹ́ ọ̀nà sí wọn lára, tí afẹ́fẹ́ wọlé, tí omi wọlé, imí ọjọ́ á di ásíìdì, irin á dógùn-ún, gbogbo rẹ̀ á sì máa ṣàn jáde. Odò Ekulu, tó gba inú Enugu kọjá, wà lára àwọn tó ń gba omi yìí. Awakùsà ti lọ, ọ̀gá ti lọ, ọkọ̀ tó ń jẹ kóòlù ti lọ, ṣùgbọ́n omi ṣì ń jáde fún àwọn ará ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ohun tí a ti pa tì ti parí, kó lọ wo odò yẹn.

Àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń fẹ́ wọ irú ibẹ̀ lọ láti wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo mọ bí ó ṣe ń ṣe wọ́n, èmi náà gbé tọ́ọ̀ṣì lọ. Ẹ má wọ̀ ọ́ o. Àwọn òpó tí wọ́n ti gé sẹ́yìn kò sí níbẹ̀ mọ́, igi tó ń ké ti jẹrà, ẹ kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ohun tó kù tí a lè wọ̀ láìkú ni ìtàn rẹ̀. Àwọn bàbá tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń dín kù lójoojúmọ́. Ní ọ̀dọ̀ tiwa náà, àwọn tó da kóòlù sínú ẹ́ńjìnnì láti Ìbàdàn dé Òṣogbo ti dàgbà. Àwọn díẹ̀ ṣì wà ní Lálúpọn, ní Ìwó, ní Dùgbẹ̀. Ẹ lọ bá wọn, ẹ gbé rẹ́kọ́dà dání, ẹ béèrè ohun tí wọ́n mọ̀, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá. Mo ti sọ ti Enugu fún Màmá àgbà mi. Wọ́n mi orí, wọ́n ní, "A à mọ̀ o. A kàn ń gbọn aṣọ ni."

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ wa yìí kò pọ̀. Lọ́dọọdún la máa ń wá ohun tí a ó fi ṣe eré ní sáà àkọ́kọ́, tí a ó sì máa jà lórí rẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ á fi tán. Ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá máa ń bọ́ sínú sáà náà. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí láíbìrì, kí a wá orúkọ àwọn awakùsà 21 náà jáde, kí a gbé eré kúkúrú kan kalẹ̀ ní ọjọ́ yẹn ní èdè wa, kí a sì pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìgbò tó wà ní họ́ọ̀lù wa kí wọ́n wá kọ́ wa bí a ṣe ń pe àwọn orúkọ náà dáadáa. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìran kìíní. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi kọ ìkejì, ìpàdé wa kò kúrò ní ọjọ́rú, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.